Àwo Tó Fò Lórí Oko Àgbàdo

Dayton, ìpínlẹ̀ Ohio, oṣù kọkànlá ọdún 1953.
Yàrá tí kò ní fèrèsé. Sájẹ́ńtì Haverkamp
tan iná sábẹ́ fọ́tò, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn
bí ẹni tó fẹ́ yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ ọmọ.

Àwo ni wọ́n ní ó ń fò.
Awò ló fi wò ó.
Kò rí awo kankan níbẹ̀.

Ohun tó jìnnà a máa ṣá bí aṣọ àfọ̀jù:
àká ṣá, igi ẹ̀yìn odò ṣá,
àwo yìí nìkan ló dúdú bí kóró iṣin.
Ó fi rúlà wọ̀n ọ́n. Ó ṣírò. Ó tún un ṣírò.
Ohun tí wọ́n ní ó tóbi ju ṣọ́ọ̀ṣì lọ
kò ju ọmọrí ìkòkò,
òwú ìránṣọ ló gbé e kọ́ ẹ̀ka igi,
tín-ín-rín, bí irun kan ṣoṣo nínú ọbẹ̀.

Ó na ọwọ́ sí òǹtẹ̀: AYÉDÈRÚ.

Lẹ́tà kan bọ́ láti inú àpò ìwé.
“Delbert ni orúkọ mi, ọmọ ọdún mọ́kànlá.
Bàbá mi wà nínú ọkọ̀ òfuurufú tí ẹ ní ẹ ò rí mọ́ ní Kòríà.
Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Màámi ti kọ̀wé sí yín.
Wọ́n ní tí èèyàn bá rí àwo, ẹ máa ń wá sílé ẹni.”

Haverkamp lu òǹtẹ̀ náà. Irọ́ nirọ́ ń jẹ́.
Lẹ́yìn náà ó bi akọ̀wé léèrè
ibi tí wọ́n ń kó fáìlì Kòríà sí.
Akọ̀wé ní ilẹ̀ ti ṣú.
Ó ní òun mọ̀.