Ojú Tó Là

Ilẹ̀ mì lóru ọjọ́ Ajé. Kì í ṣe ohun bàbàrà.
Ní Valparaíso níbí, ilẹ̀ a máa mì
bí ẹni tó ń yí ẹ̀gbẹ́ padà lójú oorun;
a ó di férémù ilẹ̀kùn mú, a ó ka ení, èjì,
a ó padà sórí ibùsùn.
Ṣùgbọ́n ìgò oyin ìyá àgbà wà létí pẹpẹ,
kọ̀ǹpútà mi sì ṣí sílẹ̀ nísàlẹ̀ rẹ̀, ó ń gba iná.
Gbàù!

Mo tan iná. Ìgò ò fọ́. Oyin ò dà.
Ojú kọ̀ǹpútà ló là,
láti igun òsì wọ àárín, bí odò nínú àwòrán ilẹ̀.
Apá ọ̀tún dúdú bí òkun tí epo dà sí.
Wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà.
Ọ̀rọ̀ tèmi, ojú ìwé mẹ́tàlélọ́gọ́rin,
wà láàyè lẹ́yìn òkùnkùn yẹn,
mo ń gbọ́ bí fáànù rẹ̀ ṣe ń mí.
Ọjọ́ mọ́kànlá ló kù kí n kó iṣẹ́ fún àwọn olùkọ́.

Ní ṣọ́ọ̀bù ńlá tó wà nísàlẹ̀ òkè
ọmọkùnrin kan wo ojú kọ̀ǹpútà, ó wo ojú mi,
ó kọ iye kan sórí pépà, ó yí i kọjú sí mi
bí ẹni tó ń fi òkú han ẹbí.
Ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́sàn-án pẹ́sò.
“Ra tuntun,” ló wí, “ó sàn jù.”
Ó sàn fún ta ni?

Ìyá àgbà Edelmira ń yọ ìdọ̀tí kúrò lára ẹ̀wà.
“Yasna, ojú ló fọ́ ni, àbí inú?”
“Ojú ni, Màmá.”
“Ṣebí inú ló ń ronú. Wá ojú yá a.”

Nibaldo, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, mú wáyà dúdú kan wá,
kò gùn ju apá mi lọ, kò wọ́n ju búrẹ́dì méjì lọ.
A kì í bọ ẹnu rẹ̀ kan sí kọ̀ǹpútà, èkejì sí tẹlifíṣọ̀n Màmá,
kí ọkàn ẹni má lù kìkì:
àwọn odò mi yọ sára ògiri, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan tó àtàǹpàkò.

Àdéhùn wa: aago mẹ́rin sí márùn-ún, eré rẹ̀ ló ni ín.
Àmọ́ bí eré bá parí, kì í dìde.
Ó ń kà. Ẹnu rẹ̀ ń lọ wúyẹ́wúyẹ́.
Iṣẹ́ mi dá lórí àwọn odò tí ìlú yìí bò mọ́lẹ̀.
Lọ́jọ́ kẹta ó fi ṣíbí tọ́ka:
“Irọ́ nìyẹn. Odò tó wà lábẹ́ ọ̀nà wa kì í jẹ́ bẹ́ẹ̀.
Adití là ń pè é, torí kì í gbọ́ ìkìlọ̀;
òjò á ti dá, òun á ṣì máa bọ̀.
Mo fọ aṣọ nínú rẹ̀. Mo pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án
lọ́dún tí wọ́n da kankéré lé e lórí.”
Kò sí ìwé kan tó sọ ọ́ fún mi.
Àṣé ojú lè là lẹ́ẹ̀mejì.

Don Hermógenes ń ṣiṣẹ́ nínú gáráàjì, láàárín kẹ̀kẹ́ àti àgò adìyẹ.
“Nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn gíláàsì ni kó o fi wá a,
má wo orúkọ tó wà níwájú.”
Ó yọ ojú kan lára kọ̀ǹpútà tó ti kú,
ó fi ike tí wọ́n fi ń ta gìtá ṣí etí tèmi díẹ̀díẹ̀.
Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì. Ó tún yọ mẹ́ta kúrò
nítorí àmì funfun kan tí kì í kú, nísàlẹ̀, lọ́wọ́ ọ̀tún.
Mo ti sọ àmì náà ní ìràwọ̀.

Ìgò oyin ti wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ báyìí.
Mo dá tẹlifíṣọ̀n padà fún onítẹlifíṣọ̀n.
Lánàá, aago mẹ́rin lù. Kò tan eré rẹ̀.
Ó jókòó, ó wọ awò,
ó na wáyà sí mi.