Fi Èékánná Họ Ọ́ Wò

Oṣù kẹrin ti wọlé ní abà Akínnúbì,
lójú ọ̀nà tó ti Àkúrẹ́ lọ sí Ìdànrè.
Ojú ọ̀run rí wa, ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́
bí onígbèsè tó pàdé olówó rẹ̀ lọ́nà oko.
Odò tí mo ti kọ́ bí a ṣe ń lúwẹ̀ẹ́
ti di ọ̀nà ewúrẹ́.

Mo ti pinnu. Mo ti pọ́n àdá.
Kòkó tí bàbá mi gbìn lọ́dún tí wọ́n bí mi,
igba igi ó lé mẹ́tàdínlógún,
ewé wọn wà nílẹ̀, ó ń fọ́ lábẹ́ bàtà bí ìpékeré.
Mo ní, òkú ni wọ́n. Ẹ jẹ́ ká gé wọn, ká ta ilẹ̀.
Ẹnìkan ti ń pè mí láti àná,
ó fẹ́ kọ́ ilé epo síbẹ̀.

Bàbá mi kò kọ́kọ́ dá mi lóhùn.
Látìgbà tí òjò ti wọ́n ni ọ̀rọ̀ ti wọ́n lẹ́nu rẹ̀.
Ó sún mọ́ igi tó gbẹ jù,
ó fi èékánná àtàǹpàkò họ èèpo rẹ̀,
ó ní, "Orímisan, wá wò ó."
Abẹ́ èèpo ṣì tutù,
ó ń dán bí èrìgì ọmọ tuntun.
"Ta ló sọ fún ọ pé ẹni tó bọ́ṣọ ti kú?
Igi ronú, ó ní:
kí n ní ewé kí n kú,
àbí kí n jáwé kí n kù?"

Ó mú mi yí oko ká lọ́sàn-án gangan.
A rọra ń rìn;
ẹni tó yára yóò làágùn,
òógùn náà, omi ni.
Gbágùúdá rọ apá sílẹ̀,
kò fẹ́ kí oòrùn bá òun lójúkojú.
Àgbàdo ká ewé rẹ̀ bí ẹni ká ẹní.
Iṣu ti fi ìtàkùn sílẹ̀ fún ẹ̀ẹ̀rùn,
ó kó ọrọ̀ rẹ̀ wọ abẹ́ ilẹ̀, ó sùn.
Ewé àbámodá kan ṣoṣo
tí yèyé mi há sẹ́nu òpó ahéré kó tó kú,
kò rí ilẹ̀, kò rí omi,
ó ti bí ọmọ mẹ́rin sí etí ara rẹ̀.

Fadérera, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi,
tó ń kọ́ iṣẹ́ ọ̀gbìn ní yunifásítì,
ti sọ ọ́ fún mi rí pé ewé lẹ́nu,
ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹnu tí ojú lásán kò lè rí.
Bí omi bá wọ́n, wọn a pa á dé.
Bẹ́ẹ̀ ẹnu yẹn náà ni wọ́n fi ń jẹun.
Kí òùngbẹ má baà pa wọ́n,
wọ́n gbà fún ebi.
Mo wo ètè bàbá mi.
N kò sọ nǹkan kan.

Lórí àpáta lẹ́yìn abà,
koríko kan wà tí n kò mọ orúkọ rẹ̀,
ó rí bí irun tí iná rà.
Bàbá ṣí kẹ́ẹ̀gì wa, omi mímu wa,
ó da ife kan sí i lórí.
Inú bí mi. Mo sùn pẹ̀lú ìbínú.
Lówùúrọ̀ mo gun àpáta lọ, èmi nìkan.
Koríko náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú,
ewé kan, ewé kejì, àwọ̀ tútù.

Mo sọ àdá kalẹ̀.
Mo họ igi kòkó wò lọ́kọ̀ọ̀kan títí ilẹ̀ fi ṣú.
Mọ́kànlélógójì ti lọ ní tòótọ́,
igi gbígbẹ dé ìsàlẹ̀;
n kò ní purọ́ nítorí àwọn tó kù.
Fóònù dún lápò mi. Ó dún, ó dákẹ́.

Òjò kò rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà.
Mo jókòó ti bàbá mi lẹ́nu ọ̀nà,
mo na ọwọ́ mi sí iná àtùpà.
Èékánná mi méjì ti ya.
Abẹ́ wọn tutù.