Ìlà Funfun Lára Dúdú

Bàbá mi kékeré, Heenbanda, kò kàwé,
ṣùgbọ́n ó lè ka ẹ̀yìn ejò
bí ẹni ń ka orúkọ lára àpò ìrẹsì.
Ní Galwewa, níbi tí omi adágún ti ń ṣàn wọ oko wa,
ní àárín gbùngbùn erékùṣù Sri Lanka,
ejò kì í ṣe àlejò.
À ń bá a pàdé lórí pèbé bí a ti ń bá ajá pàdé,
kálukú a yà fún ẹnì kejì.

Méjì péré ló ń dà wá láàmú.
Àwọ̀ wọn jọra:
dúdú, ìlà funfun tín-ín-rín lọ́nà ìbú.
Ọ̀kan ń jẹ́ karawala. Bó bá di alẹ́, okùn ni ìyá mi ń pè é.
Ìkejì ò ní oró tó lè pa èèyàn,
ọmọńlé ló ń dọdẹ, òun ló ń gun ògiri
wọ abẹ́ òrùlé wa bí fìtílà bá kú.

"Wo ọrùn," Heenbanda á ní, ọ̀pá rẹ̀ á máa nà án.
"Bí ìlà bá ti ọrùn bẹ̀rẹ̀, tó nípọn níbẹ̀,
tó wá ń parẹ́ bó ti ń lọ sí ìrù,
ará ilé ni, jẹ́ kó kọjá.
Bí iwájú bá dúdú lásán,
tí ìlà ṣẹ̀ṣẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn, ní méjì-méjì bí ipa kẹ̀kẹ́ ẹrù,
ọmọ mi, má bi í ní orúkọ."

Ohun kan wà tí kò sọ, àbí mo gbàgbé:
èyí tí ò ní oró ló máa ń bínú.
Fọwọ́ kàn án, á gé ọ jẹ, á tún gé ọ jẹ,
ẹ̀jẹ̀ díẹ̀, ariwo púpọ̀, ó parí.
Karawala lọ́sàn-án, ojú ń tì í.
Á ká jọ, á fi orí pamọ́ sábẹ́ ara rẹ̀
bí ọmọ tí wọ́n bá wí.
Mo ti fi igi gbé e rí. Mo rẹ́rìn-ín.

Òru ló ń jáde. Ilẹ̀ la sì ń sùn.
Ní oṣù Kọkànlá, òjò kún inú ihò,
àbúrò mi Ranmenike jí ní àjìn,
ó ní nǹkan bí èèrà ta òun lápá.
Ìyá wa tan iná: kò sí ẹ̀jẹ̀, kò wú.
"Sùn."
Ilẹ̀ mọ́, ìpéǹpéjú rẹ̀ ò ṣeé gbé.
Ó ní inú ń run òun.
Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti di méjì."

Heenbanda ò wá ejò kankan. Ọ̀nà ló nawọ́ sí.
Tikiri gun alùpùpù, èmi lẹ́yìn, òun láàárín,
orí rẹ̀ ń gbá mi láyà ní gbogbo kòtò.
Ọjọ́ mọ́kànlá ni ẹ̀rọ fi ń bá a mí.
Lọ́jọ́ kejìlá, ó bèèrè omi àgbọn.

Ó ti bímọ mẹ́ta báyìí. Orí bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n ń sùn,
àwọ̀n ẹ̀fọn yí wọn ká, etí rẹ̀ wọ abẹ́ tìmùtìmù.

Lálẹ́ àná, mo tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹnu ọ̀nà:
dúdú, ó ń dán, ìlà funfun.
Mo wá ọrùn. Òjìji ilẹ̀kùn bo ọrùn.
Mo ka ìlà dé mẹ́rin, ó yí padà.
Èmi ọkùnrin àádọ́ta ọdún, tí mo ti kọ́ èyí láti kékeré,
n kò mọ èwo ni.

Mo fa ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn, mo fa èkejì.
Mo dúró bí ẹni ń tan iná fún àgbà
títí ó fi wọ inú koríko lọ,
tòun torúkọ rẹ̀.