Aṣọ Eegun

Verlin fi í ránṣẹ́ sí mi nínú páálí ìṣáná ńlá,
ọ̀bẹ bàbá wa, ọ̀bẹ àpò tó ń ká bí orúnkún arúgbó.
Kò kọ lẹ́tà. Ẹ̀yìn páálí ló kọ ọ́ sí:
"Ọwọ́ tìrẹ ló mọ̀ ọ́n ṣe."

Ọgbọ̀n ọdún ó lé ni Hobert Stidham fi gbé e kiri
lórí òkè Kẹntọ́kì, nínú ṣòkòtò tí èédú sọ di dúdú.
Ó fi gé tábà. Ó fi tẹ ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ lọ́dàá.
Ó fi yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ mi lọ́jọ́ kan,
ọjọ́ kan ṣoṣo tí irin náà kàn mí.
"Ọ̀bẹ kì í ṣe nǹkan ìṣeré obìnrin," ni bàbá wí,
ó ká a, ó dún kẹ́ẹ́, ó wọ àpò.
Verlin ló jogún rẹ̀. Verlin náà ló gbàgbé rẹ̀
sínú àká tí òrùlé rẹ̀ ń jò,
ìgbà òtútù mẹ́rin kọjá lórí rẹ̀.

Mo gbé e sábẹ́ iná. Ìpẹtà ti bò ó bí èélá.
Eegun apá òsì ti là lójú ìṣó,
ti apá ọ̀tún ti rún, ó ku ìlàjì.
Bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀.
Èyí ò tilẹ̀ mú mọ́.
Mo lu orí ìṣó idẹ, díẹ̀ díẹ̀,
mo fi ẹnu ọ̀bẹ ìdáná tẹ aṣọ àtijọ́ náà sókè.
Ó ṣí.
Kí ni mo bá lábẹ́ rẹ̀? Tábà tó ti di erùpẹ̀,
omi ápù tó ti di oje dúdú, àti irun kan,
pupa, kúkúrú: irun Sájẹ́ńtì,
ajá wa tó kú kí n tó lọ́kọ.
Mo fi òróró wẹ gbogbo ara ọ̀bẹ náà.
Irun yẹn, inú páálí ìṣáná ni mo dá a padà sí.

Eegun tuntun dé nínú àpòòwé, ó rí bí ewé méjì,
eegun ojúgun màlúù, wọ́n ti kọ ọ́ nílà.
Ó funfun jù. Mo rẹ ẹ́ sínú tíì gbígbóná mọ́jú,
ní òwúrọ̀ ó ti pọ́n bí ìka ẹni tó ń mu sìgá.
Mo fi aṣọ bo imú, mo rin ín;
eruku rẹ̀ ń rùn bí irun tó jóná.
Mo lu ihò. Mo ti ìṣó bọ̀ ọ́. Mo gbé òòlù kékeré:
ọ̀kan, èjì, ẹ̀kẹta ló dún lọ́tọ̀.
Ó là, láti ojú ihò dé etí.
Èpè tí bàbá mi máa ń ṣẹ́ fún ìbaaka rẹ̀
jáde lẹ́nu mi, kò ku ẹyọ kan,
mo gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú ohùn mi, mo bú sẹ́rìn-ín.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi dúró de òmíràn.
Èyí tó wá pọ́n ju èkejì rẹ̀ lọ,
ilà rẹ̀ jìn jù. Mo lò ó bẹ́ẹ̀.
Mo lu orí ìṣó títí ó fi rì mọ́ eegun,
mo dán an títí ìka mi ò fi mọ ibi tí idẹ parí sí.
Mo ṣí i. Mo ká a.
Kẹ́ẹ́.
Mo tún ṣí i, mo tún ká a,
bí ọmọdé tó rí ilẹ̀kùn tuntun. Kẹ́ẹ́. Kẹ́ẹ́.

Verlin wá lọ́jọ́ Àìkú, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ń wọ́ nílẹ̀.
Mo fi bó ápù fún un, èèpo rẹ̀ kò já,
ó ń lọ́ bọ̀ bí ọ̀nà tó gòkè lọ sílé wa àtijọ́.
Ó jẹ ápù náà tán, ó na ọwọ́: "Jẹ́ n wò ó."
Ó fi àtàǹpàkò ra eegun náà, lọ́tùn-ún, lósì.
Ó ní, "Àwọ̀ wọn ò bára mu."
Mo ní, "Mo mọ̀."
Ó pẹ́ kó tó dá a padà.
Mo nù ún lára síkẹ́ẹ̀tì mi, mo ká a, mo sọ ọ́ sápò.
Ó wo àpò náà.
Ó bi mí bóyá ápù kan ṣì kù.