Àmì

Ní Àjàṣẹ́, lápá ọjà Wàndó,
lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń lẹ táyà alùpùpù,
ni Ògùsté ti ń ta ìwé àlòkù.
Ológbò rẹ̀ funfun báláú;
ìlà dúdú kan ló fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ níwájú orí rẹ̀,
ló bá sọ ọ́ ní Àmì.

Èmi, ìwé Faransé ni mo wá rà.
Òun ni wọ́n fi nà mí nílé ìwé,
òun náà ni mo ń kà lóru nídìí àtùpà
tí oorun bá ti gbé àwọn ọmọ lọ.
Yorùbá? Èyí tí mò ń sọ tó mi.

Àmì kì í sùn lórí Faransé:
àwọn yẹn kì í pẹ́ nílẹ̀, wọ́n ń tà.
Pẹpẹ ìsàlẹ̀ ni tirẹ̀,
níbi tí ìwé Yorùbá gbé ń gba eruku
bí àgbà tí ọmọ rẹ̀ lọ Kútọnu tí kò wálé mọ́.

Mo ní kí n fọwọ́ pa á lórí lásán.
Ó fi èékánná ya mí lápá, ó fò dànù;
ìwé tó fi ṣe ìrọ̀rí ṣubú, ó ṣí.
Mo ń ṣẹ́jú mọ́ ọn bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi:
"Apá... apá kò jọ ara."
Mo ní irọ́ ni. Apá kì í ṣe ara ni?

Ògùsté rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́.
"Ìyá Rẹ́jínà, ẹ má fo àmì. Àpá ni."

Mo wo apá mi.
Ìlà pupa tín-ín-rín kan ti dúró níbẹ̀,
ó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́
bí èyí tí mo fò.

Ọ̀ọ́dúnrún sefa ni mo san.
Ó ní òun ò ní í gba owó olùkọ́.