Mẹ́wàá Tí Kò Sí Níbẹ̀

Wọ́n ti mú iná lọ ní Pópó Ọba láti àárọ̀.
Mo gbé àtùpà sórí tábìlì, ẹ̀fọn ń kùn,
mo tún ṣí ìwé ìdánwò Mútíátù
tí mo gbà padà fún fáìlì.
Kì í ṣe pé mo ń wá nǹkan kan;
ọwọ́ ìkọ̀wé ọmọ náà ló wù mí í wò,
bó ṣe ń fa ìlà sábẹ́ ìdáhùn
bí ẹni tó ń so àwọ̀n mọ́ òpó.

Ibẹ̀ ni mo ti rí i.
Mẹ́tàdínlógún lókè, méjìdínlógún nísàlẹ̀,
ọwọ́ èmi fúnra mi, bírò pupa tèmi:
márùndínláàádọ́ta.
Mo fi ìka ọwọ́ kà á, mo fi ti ẹsẹ̀ kún un.
Márùndínlógójì ni, kò yẹ̀.
Mẹ́wàá ti wọlé láìkan ilẹ̀kùn.

Fọ́ọ̀mù kan ṣoṣo ni wọ́n fún ilé ìwé wa,
ọmọ kan ṣoṣo, owó ilé ìwé ọdún mẹ́fà.
Orúkọ Mútíátù ni mo fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì.
Ìyá rẹ̀ gbé abọ́ ẹja yíyan wá fi dúpẹ́,
mo dá a padà,
inú mi sì dùn pé mo dá a padà;
mò ń pe ara mi ní ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́.

Ta ló tẹ̀lé e? Bánkọ́lé ọmọ oníyanrìn,
ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ ń fa ìdí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ lóru
títí ẹja fi sá kúrò létí omi,
títí bàbá Mútíátù fi ká àwọ̀n
tó lọ ń ru búlọ́ọ̀kù ní Ìtòíkín.
Ọmọ náà kò mọ̀kan nínú èyí.
Bẹ́ǹṣì kejì ló ń jókòó sí,
a máa yọ ahọ́n síta tó bá ń ronú,
ó sì fi márùn-ún ta Mútíátù yọ, ní òtítọ́.

Mo lọ bá ọ̀gá wa obìnrin. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀.
"Ọ̀gbẹ́ni Ọ̀ṣíbògún, ta ló bi yín léèrè?
Bàbá yẹn lè ra ilé ìwé yìí tòun ti tíṣà inú rẹ̀.
Ọlọ́run ló ro ó gbòdì, kì í ṣe ẹ̀yin."
Ọ̀rọ̀ náà dùn. Mo gbé e délé
bí ẹni tó gbé omi tútù.
Mo fi ṣe ìrọ̀rí. N kò sùn.

Bí mo bá lè fi mẹ́wàá ta ọmọ tí mo fẹ́ràn lọ́rẹ,
kí ni màá sọ fún tíṣà
tó fi mẹ́wàá ta ọmọ tó sanwó fún un lọ́rẹ?
Pé àánú tèmi mọ́ ju owó tirẹ̀ lọ?
Bírò kan náà ni. Pupa kan náà.

Kí ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó gúnlẹ̀ ní Olúwò, mo ti kọ lẹ́tà:
Èmi ni mo ro ó gbòdì. Ẹ bá mi yí orúkọ padà.
Lẹ́tà kúkúrú.
Mo fa mẹ́rin ya kí n tó rí i kọ.

Mo pe Mútíátù sábẹ́ igi fúrúùtù, mo fi ìwé hàn án.
Ọ̀rọ̀ tí mo ti tò sílẹ̀ fọ́n ká.
Kò sunkún. Ó ń fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ wa iyẹ̀pẹ̀.
"Mo ti rí i, sà, lọ́jọ́ tẹ́ ẹ pín ìwé.
Mo rò pé ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni.
Mo rò pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn."

Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi gbé e pamọ́ sára,
ẹ̀kọ́ tí n kò kọ sí pátákó,
tó sì mọ̀ ọ́n ju gbogbo èyí tí mo kọ lọ.

Ìyá rẹ̀ kì í kí mi mọ́.
Lọ́jọ́rú, aago mẹ́rin, ọmọ náà yọ sí mi ní kíláàsì.
Ó gba ìwé tí mò ń máàkì lọ́wọ́ mi,
ó ní kí n jẹ́ kí òun tún un rò.