Bẹ́síkẹ́ ní Gateshead

Òtútù Gateshead kì í wojú àgbà.
Mo dúró níwájú fìríìjì ilé ìtajà,
mo di páálí wàrà sóyà mú,
mo ń ka ẹ̀yìn rẹ̀ bí ẹni ń ka ìwé ẹjọ́.

Láoyè pè mí lánàá láti Ṣakí:
"Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi nǹkan yẹn sílẹ̀.
Wọ́n ní ó ń fún ọkùnrin lọ́mú."
Mo pa fóònù. Mo lọ bá dígí ilé ìwẹ̀.
Ọmú tí mo bá níbẹ̀,
bíà ló gbìn ín kí sóyà tó dé.

Àbí, Láoyè, ta ló jẹ bẹ́síkẹ́ tó wa?
Ìyá wa á lọ ẹ̀wà náà lóru,
á sẹ́ ẹ, á jẹ́ kó dì, á dín in,
àwa méjèèjì á jí èyí tó gbóná jù,
ahọ́n wa á máa jó, a ò ní sọ̀rọ̀.
Ìwọ náà lo bí mẹ́fà. Irùngbọ̀n rẹ dí bí igbó.

Míìsì Hepple, apòògùn àdúgbò wa,
kò bú sóyà, kò sì yìn ín:
"Oògùn gẹ̀gẹ̀ yín ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lò láàárọ̀.
Ẹ jẹ́ kí wákàtí mẹ́rin kọjá, kẹ́ ẹ tó mu ún.
Ẹni tí ara rẹ̀ bá kọ̀ ọ́, kó yàgò fún un.
Ṣúgà inú rẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa wò."

Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo gbé e kaná. Ó dùn díẹ̀.
Kò dé ibi tí ti Ìyá wa dé.
Lójú fèrèsé, yìnyín ń bọ̀,
ó funfun bí omi ẹ̀wà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sẹ́.